Kí bàbá tó fowó kòkó ra ọ̀kadà fọ́mọ

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Òwe yìí wúlò púpọ̀ ní àwọn abúlé àti ìlú kéékèèké ilẹ̀ Yorùbá, níbi tó jẹ́ pé lọ́dọọdún, bí wọ́n bá ti ta kòkó tán, apá kan nínú owó náà ni í gba ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta alùpùpù lọ.

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe sábà máa ń rí nìyí. Ọmọkùnrin kan ní ìgbèríko Ìdànrè tàbí Ilé-Olújì ti jáde iléèwé, kò ríṣẹ́. Tàbí kó ti kọ́ṣẹ́ ọwọ́ tán, kó má rówó fi dá ti ẹ̀ sílẹ̀. Lálaalẹ́ ni ìyá rẹ̀ á máa rán bàbá létí pé ọ̀kadà ọmọ lágbájá ló ń bọ́ gbogbo ilé wọn. Nígbà tó bá yá, bàbá á gbà, á ka owó kòkó lé ọmọ lọ́wọ́. Lọ́jọ́ Ẹtì, ọmọ á gbé alùpùpù tuntun wọlé, wọ́n á bu omi sí i, wọ́n á ṣàdúrà. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ẹ̀gbọ́n kan á mú un lọ sí pápá iléèwé, á fi bí wọ́n ṣe ń tẹ jíà hàn án. Tó bá fi máa di ọjọ́ Ajé, ọmọ tí kò tíì lo ju ọjọ́ méjì lọ lórí alùpùpù ti gbé ìyá méjì àti ọmọ ọwọ́ kan sẹ́yìn, ó ti ń lọ sọ́jà.

Nínú gbogbo èyí, kò sẹ́ni tó ro ibi ro ọmọ. Ṣùgbọ́n nínú owó tí bàbá kà sílẹ̀, kò sí kọ́bọ̀ kan tó wà fún orí ọmọ náà, kò sì sí ọ̀sẹ̀ kan tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ẹ̀kọ́. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀.

Nínú ìròyìn tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde lọ́dún 2023, wọ́n ní ènìyàn bíi mílíọ̀nù 1.19 ló kú sójú pópó kárí ayé lọ́dún 2021. Nínú ènìyàn mẹ́wàá tó kú bẹ́ẹ̀, bíi méjì ló wà lórí alùpùpù tàbí kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta. Ní ilé ìwòsàn egungun tó wà ní Igbóbì, l'Ékòó, ó ti pẹ́ tí àwọn ọlọ́kadà àti èrò wọn ti wà lára àwọn tí wọ́n ń gbé wá jù.

Bí alùpùpù ṣe di ọ̀kadà

Àwọn tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún lónìí rántí ìgbà tí alùpùpù jẹ́ ohun iyì. Tíṣà àgbà, wolé-wolé, òṣìṣẹ́ ọ̀gbìn àti àwọn tó ń ra kòkó ló ń gùn ún. Honda, Suzuki àti Vespa ni orúkọ tó gbajúmọ̀. Ẹni tó ni ín ló ń gùn ún, ó sì sábà máa ń jẹ́ òun nìkan. Bó bá di ọjọ́ ìsinmi, á fọ̀ ọ́, á nù ún títí tó fi máa dán bíi bàtà ọdún. Eré àsápajúdé kò sí nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀, nítorí ẹni tó fi owó ara rẹ̀ ra nǹkan mọ iye tó rà á.

Nígbà tí ọrọ̀ ajé dẹnu kọlẹ̀ lẹ́yìn ọdún 1980, tí ètò SAP dé lọ́dún 1986, tí iṣẹ́ sì bọ́ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn, ni alùpùpù di ohun tí wọ́n fi ń gbé èrò káàkiri. Àwọn ènìyàn wá yá orúkọ ọkọ̀ òfuurufú kan lò fún un. Olóyè Gabriel Igbinedion ló dá Okada Air sílẹ̀ lọ́dún 1983, tó sì fi orúkọ ìlú rẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Ẹdó pè é. Bí ọkọ̀ òfuurufú yẹn ṣe ń fò, bẹ́ẹ̀ ni alùpùpù ṣe ń fò kọjá láàárín sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ọkọ̀. Okada Air kógbá sílé lọ́dún 1997, ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ kò kú.

Ohun tó wá yàtọ̀ jù ni ọ̀rọ̀ owó. Ọ̀pọ̀ ọlọ́kadà kọ́ ló ni ẹ̀rọ tí wọ́n ń gùn. Òmíràn ń dá iye kan fún olówó ọ̀kadà lójoojúmọ́ tàbí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, òmíràn gbà á kó lè máa san án díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi di tirẹ̀. Bí oòrùn bá ti ń wọ̀, tí owó ọjọ́ náà kò tíì pé, eré ló kù, èrò mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà ló kù. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé bàbá tó bá lè fi owó gidi ra alùpùpù fọ́mọ ti ṣe é lóore tí ọ̀pọ̀ kò rí. Ọmọ náà kò jẹ ẹnikẹ́ni lówó, kò sì sí ohun tó yẹ kó máa lé e sáré. Ó kù kí bàbá má jẹ́ kí oore náà bọ́ sínú omi.

Oṣù àkọ́kọ́ ló léwu jù

Lọ́dún 1981, ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní Fásitì Southern California l'Ámẹ́ríkà, Harry Hurt, gbé ìwádìí kan jáde tí àwọn tó mọ̀ nípa alùpùpù ṣì ń tọ́ka sí. Òun àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ lọ sí ojú ibi tí ìjàǹbá alùpùpù tó lé ní 900 ti ṣẹlẹ̀ ní agbègbè Los Angeles. Wọ́n wọn ilẹ̀, wọ́n yẹ ẹ̀rọ wò, wọ́n sì fọ̀rọ̀ wá àwọn tọ́rọ̀ kàn lẹ́nu wò.

Mẹ́ta nínú ohun tí wọ́n rí kan bàbá tó fẹ́ ra ọ̀kadà fọ́mọ gbọ̀ngbọ̀n. Èkíní, nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn tó gun alùpùpù tó sì ní ìjàǹbá, 92 ni kò gba ẹ̀kọ́ kankan ju pé wọ́n fúnra wọn kọ́ ọ, tàbí kí ẹbí àti ọ̀rẹ́ kọ́ wọn. Èkejì, ó lé ní ìdajì wọn tí kò tíì lo oṣù márùn-ún lórí alùpùpù tí wọ́n wà nígbà ìjàǹbá náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ nínú wọn ti ń gun òmíràn tẹ́lẹ̀. Ẹ̀kẹta, níbi tí ọkọ̀ àti alùpùpù ti kọlu ara wọn, bíi ìdá méjì nínú mẹ́ta ló jẹ́ pé awakọ̀ ló já wọ ọ̀nà alùpùpù, nítorí pé kò rí i, tàbí kò tètè rí i.

Òótọ́ ni pé ìlú òyìnbó ni wọ́n ti ṣe ìwádìí náà. Ṣùgbọ́n kò sí èyí tí ará Ọ̀wọ̀ tàbí ará Ìsẹ́yìn kò ní dá mọ̀ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ọmọ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kọ́ ní ọ̀kadà lọ́jọ́ kan ṣoṣo kò yàtọ̀ sí àwọn 92 yẹn. Oṣù márùn-ún àkọ́kọ́ yẹn gan-an ni àwọn tiwa fi ń gbé èrò mẹ́ta mẹ́ta, nítorí wọ́n fẹ́ kí owó tí wọ́n ná lórí ẹ̀rọ padà wọlé kíá.

Èwo ló yẹ olùbẹ̀rẹ̀?

Bí ọmọ bá wọ ṣọ́ọ̀bù, èyí tó ga, tó ń dán, tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ tóbi ni ojú rẹ̀ máa ń lọ. Ṣùgbọ́n alùpùpù kì í ṣe aṣọ ọdún tí wọ́n ń rán tóbi kí ọmọ lè dàgbà sí i. Ó gbọ́dọ̀ bá a mu láti ọjọ́ tí wọ́n ti rà á.

Ìdánwò àkọ́kọ́ kò ná ẹnikẹ́ni lówó. Kí ọmọ jókòó sórí ẹ̀rọ náà, kí wọ́n ká irin ìdúró rẹ̀ sókè. Àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì gbọ́dọ̀ balẹ̀ dáadáa. Ẹni tó jẹ́ pé ọmọ ìka ẹsẹ̀ ló fi ń wá ilẹ̀ yóò ṣubú lọ́jọ́ tó bá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò tàbí lórí òkúta. Ìka ọwọ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ lè ká bíréèkì àti kúlọ́ọ̀ṣì láì nà jù. Lẹ́yìn náà, kó sọ̀ kalẹ̀, kó tì í síwájú, kó fà á sẹ́yìn, kó gbé e sórí irin ìdúró rẹ̀. Bí kò bá lè ṣe é lórí sìmẹ́ńtì ṣọ́ọ̀bù, kò ní lè ṣe é nínú ẹrẹ̀ oko pẹ̀lú àpò kòkó lẹ́yìn.

Ní ti agbára ẹ́ńjìnnì, 100 cc sí 125 cc tó fún olùbẹ̀rẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ọ̀nà wọn dára tó yẹn, òfin kò gbà kí ẹni tó ń kọ́ alùpùpù gun èyí tó ju 125 cc lọ, kò sì gbọ́dọ̀ gbé èrò sẹ́yìn títí yóò fi yege ìdánwò. Ẹni tó mọ̀ pé ẹrù ni òun fẹ́ máa fi gun òkè ilẹ̀ Èkìtì lè máa ro ti 150 cc, ṣùgbọ́n kó jẹ́ lẹ́yìn tó bá ti mọ̀ ọ́n gùn.

Ọ̀rọ̀ irú èyí tí wọn yóò rà kò yẹ kó dá ìjà sílẹ̀. Bajaj àti TVS wá láti ilẹ̀ Íńdíà, ọ̀pọ̀ sì wá láti ilẹ̀ Ṣáínà. Honda ṣe CG125 jáde lọ́dún 1976 fún àwọn orílẹ̀-èdè tí ọ̀nà wọn kò dára, tí wọn kì í sì í pààrọ̀ epo ẹ́ńjìnnì déédéé, ọ̀pọ̀ alùpùpù Ṣáínà ló sì tẹ̀lé ìlànà ẹ́ńjìnnì yẹn. Ìbéèrè tó yẹ kí bàbá béèrè ni pé: èwo ni mẹkáníìkì àdúgbò mọ̀ ọ́n tún ṣe? Èwo ni wọ́n ń ta ẹ̀yà ara rẹ̀ ní ọjà tó súnmọ́ ilé? Alùpùpù tí bíréèkì rẹ̀ bá jẹ, tí wọn kò sì rí òmíràn rà, yóò máa rìn láìní bíréèkì. Bí ìjàǹbá púpọ̀ ṣe ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Bó bá jẹ́ àlòkù ni agbára ká, kí wọ́n mú mẹkáníìkì tí wọ́n fọkàn tán dání, kì í ṣe mẹkáníìkì ẹni tó ń tà á. Kí wọ́n dúró sẹ́yìn alùpùpù náà nígbà tí ẹlòmíràn bá ń tì í lọ tààrà. Táyà ẹ̀yìn gbọ́dọ̀ tẹ ojú ibi tí táyà iwájú tẹ̀. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ó ṣeé ṣe kí irin rẹ̀ ti wọ́ nínú ìjàǹbá kan. Kí wọ́n wò ó bóyá epo ń jò lára ṣọ́ọ̀kù iwájú. Kí wọ́n ti ẹ́ńjìnnì tó tutù dáná, kì í ṣe èyí tí oníṣòwò ti mú gbóná sílẹ̀ kí wọ́n tó dé. Èéfín tó bá ń yọ búlúù túmọ̀ sí pé ẹ́ńjìnnì ń jẹ epo tirẹ̀.

Kí wọ́n wo táyà pẹ̀lú. Nọ́ńbà mẹ́rin kan wà lára táyà tó ń sọ ìgbà tí wọ́n ṣe é: bó bá jẹ́ 2319, ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019 ni. Táyà tó ti pẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ á ti le gbagidi, kò ní di ilẹ̀ mú mọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú rẹ̀ ṣì dára. Lákòótán, nọ́ńbà tó wà lára ẹ́ńjìnnì àti èyí tó wà lára irin rẹ̀ gbọ́dọ̀ bá ti inú ìwé mu. Ẹni tó ra ẹrù olè kò ní sùn.

Orí ṣáájú ẹ̀rọ

Ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2009 ni Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó bẹ̀rẹ̀ sí í mú ọlọ́kadà tí kò bá dé àṣíborí, èyí tí àwọn ọlọ́kadà ń pè ní ẹ́límẹ́ẹ̀tì. Ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín ọjọ́ wọ̀nyẹn kò ṣeé gbàgbé. Àwọn kan dé igbá. Àwọn kan dé ike ọ̀dà. Àwọn mìíràn gbé fìlà líle àwọn òṣìṣẹ́ ilé kíkọ́ sórí. Ọ̀pọ̀ èrò sì kọ̀ jálẹ̀ pé àwọn kò ní dé èyí tí ọlọ́kadà bá gbé fún àwọn. Ẹ̀rù ń bà wọ́n pé oògùn lè wà nínú rẹ̀ tí yóò gbé ènìyàn lọ, tàbí kí wọ́n kó iná orí.

Ilú rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ sì lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ orí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Lóṣù karùn-ún ọdún 1935, ọ̀gágun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tí gbogbo ayé mọ̀, T. E. Lawrence, ń gun alùpùpù rẹ̀ lọ nítòsí ilé rẹ̀. Ó rí ọmọdékùnrin méjì tó ń gun kẹ̀kẹ́, ó yà fún wọn, ó ṣubú, ó fi orí gbá ilẹ̀. Kò dé nǹkan kan sórí. Ọjọ́ kẹfà ló kú. Ọ̀kan nínú àwọn dókítà tó tọ́jú rẹ̀, Hugh Cairns, kò lè gbé ọ̀rọ̀ náà kúrò lọ́kàn. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣèwádìí lórí àwọn ọmọ ogun tó ń fi alùpùpù jíṣẹ́, lọ́dún 1941 ó sì kọ ọ́ jáde pé àṣíborí ń gba ẹ̀mí là. Lọ́dún kan náà ni àwọn ológun Gẹ̀ẹ́sì sọ ọ́ di dandan fún àwọn ọmọ ogun wọn tó ń gun alùpùpù.

Láti ìgbà yẹn, ìwádìí ti pọ̀ lórí rẹ̀. Àkójọpọ̀ ìwádìí tí ẹgbẹ́ Cochrane gbé jáde lọ́dún 2008 fi hàn pé àṣíborí ń dín ewu ikú kù fún ẹni tó bá ní ìjàǹbá alùpùpù ní ìdá 42 nínú ọgọ́rùn-ún, ó sì ń dín ewu ìfarapa orí kù ní ìdá 69.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ohun tó rí roboto ni àṣíborí. Ohun tó ń ṣiṣẹ́ gan-an ni fóòmù líle tó nípọn tó wà láàárín ike òde àti aṣọ inú. Òun ló ń rún kí agbárí má bàa rún. Èyí tó jẹ́ ike lásán pẹ̀lú tìmùtìmù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kò sàn ju igbá ọdún 2009 lọ. Ó gbọ́dọ̀ fún orí díẹ̀: bí wọ́n bá mi orí, kò gbọ́dọ̀ yí lọ yí bọ̀. Okùn ìsàlẹ̀ àgbọ̀n rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà ní dídè, kó má fàyè gbà ju ìka méjì lọ. Èyí tí wọn kò bá dè yóò fò kúrò lórí kí orí tó kan ilẹ̀. Èyí tó bo gbogbo ojú dé àgbọ̀n ló dára jù. Bí àṣíborí bá sì ti gbá ilẹ̀ nínú ìjàǹbá lẹ́ẹ̀kan, fóòmù inú rẹ̀ ti ṣe iṣẹ́ tirẹ̀ tán. Kí wọ́n ra òmíràn.

Méjì ló yẹ kí bàbá rà: ọ̀kan fún ọmọ, ọ̀kan fún èrò. Ní ìlú Kigali, ní orílẹ̀-èdè Rwanda, ó ti mọ́ àwọn ọlọ́kadà lára láti máa gbé ti èrò dání. Ẹni tó ń bẹ̀rù iná orí lè kọ́kọ́ fi gèlè fẹ́lẹ́ tàbí ọ̀rá mímọ́ bo irun rẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń gùn ún kó tó di gbígbé èrò

Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹ̀rọ tuntun gan-an, wọn kì í fipá lò ó ní bíi 1,000 kìlómítà àkọ́kọ́, kí ara rẹ̀ lè mọlẹ̀. Ó dára bẹ́ẹ̀, nítorí pé ẹ̀rọ àti ẹni tó ń gùn ún á jọ kọ́ṣẹ́. Kí ọmọ lo ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ní pápá, kó tó bọ́ sí ọ̀nà oko, kó tó bọ́ sí ọ̀nà ọlọ́dà. Kó má gbé èrò rárá ní oṣù àkọ́kọ́ wọ̀nyí. Ẹrù àti èrò ń yí bí alùpùpù ṣe ń dúró àti bó ṣe ń yà padà.

Ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kó mọ̀ dunjú ni bíréèkì. Ọ̀pọ̀ ọlọ́kadà ń bẹ̀rù bíréèkì iwájú, ti ẹsẹ̀ nìkan ni wọ́n ń tẹ̀. Bí ẹni tó ru omi bá dúró lójijì, iwájú ni omi ń dà sí. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ẹrù alùpùpù ṣe ń rọ́ síwájú nígbà tó bá ń dúró, ìdí nìyí tí bíréèkì iwájú fi ń ṣe iṣẹ́ tó pọ̀ jù. Méjèèjì ni kí wọ́n fún pọ̀, díẹ̀díẹ̀, nígbà tí ẹ̀rọ bá dúró ṣánṣán. Ẹni tó bá fún ti iwájú gbàgà lórí yanrìn tàbí níbi tó ti ń yà yóò ṣubú.

Kó mọ ohun tí eré ń gbà pẹ̀lú. Ẹni tó ń sá 60 kìlómítà ní wákàtí kan ń lọ bíi mítà 17 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Kí ọwọ́ rẹ̀ tó kan bíréèkì rárá, ó ti kọjá iwájú ilé méjì. Bí eré bá di ìlọ́po méjì, ilẹ̀ tí bíréèkì nílò láti dá a dúró di ìlọ́po mẹ́rin. Ewúrẹ́ tó já sọ́nà kò mọ ìṣirò yìí. Ẹni tó wà lórí alùpùpù ló yẹ kó mọ̀ ọ́n.

Òjò àkọ́rọ̀ léwu ju òjò àárín ọdún lọ, nítorí pé epo àti eruku tó ti kó jọ sójú ọ̀dà láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn á di ọ̀bọ̀rọ́. Kí ọmọ dúró fún ìgbà díẹ̀ kí òjò fọ̀ ọ́ lọ. Ní alẹ́, kó má rò pé iná kan tó ń bọ̀ lọ́nà jẹ́ alùpùpù. Ó lè jẹ́ ọkọ̀ ajagbe tí iná rẹ̀ kejì ti kú. Àní lọ́sàn-án, kó tan iná iwájú, kó sì wọ aṣọ tó mọ́lẹ̀, nítorí awakọ̀ tí kò rí i ni ewu tó tóbi jù fún un. Ó yẹ kó máa rò pé kò sẹ́ni tó rí òun.

Ní ti èrò, òfin ojú pópó kò gbà ju ẹyọ kan lọ. Apá òsì ni kí èrò máa gbà gùn ún, nítorí pé apá ọ̀tún ni páìpù tó ń tú èéfín sábà máa ń wà. Ó gbóná ju ìkòkò lórí iná lọ, àpá rẹ̀ sì wà lẹ́sẹ̀ ọ̀pọ̀ ènìyàn lónìí. Kí ìyá tó bá fẹ́ gun ọ̀kadà ká ìró àti ìborùn rẹ̀ mọ́ra dáadáa. Aṣọ tó bá wọ inú táyà tàbí ṣéènì kì í dá wá, ó ń fa ènìyàn tẹ̀lé e ni. Kí wọ́n má sì gbé ọmọdé sórí táńkì níwájú, nítorí bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, ọmọ náà ni yóò kọ́kọ́ gbá a.

Ohun kan tún wà tí àwọn òbí kì í fẹ́ gbọ́. Ní ọ̀pọ̀ gáréèjì, páràgà ń bẹ lárọ̀ọ́wọ́tó láti àárọ̀, àwọn kan sì ń lo tramadol kí ara má bàa rẹ̀ wọ́n. Kò mú ara le. Ó kàn ń dí ènìyàn lọ́wọ́ láti mọ̀ pé ó ti rẹ òun ni. Bí ojú ọmọ bá ń yípadà nígbà tó bá ti ibi iṣẹ́ dé, kí bàbá gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìwé àti òfin

Ìwé ìwakọ̀ wà fún alùpùpù náà, ìpele A ni wọ́n ń pè é. Kí bàbá rí i pé ọmọ gbà á, kó sì gba nọ́ńbà fún ẹ̀rọ rẹ̀. Kó tún béèrè ibi tí ọmọ fẹ́ lò ó. Ọ̀pọ̀ ọmọ ń gbé alùpùpù tí wọ́n rà fún wọn nílé lọ sí Èkó, láì mọ̀ pé òfin ibẹ̀ ti yí padà. Lọ́dún 2012, òfin ìrìnnà ìpínlẹ̀ Èkó lé ọ̀kadà kúrò ní títì 475. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà ọdún 2022, wọ́n fòfin dè é pátápátá ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà: Ìkẹjà, Sùúrùlérè, Ẹ̀tì-Ọ̀sà, Àpápá, Lagos Mainland àti Lagos Island. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún kan náà, wọ́n fi Kòṣọ́fẹ́, Òṣòdì-Ìsọlọ̀, Ṣómólú àti Múṣin kún un. Ọ̀pọ̀ èyí tí wọ́n gbà lọ́wọ́ àwọn ọlọ́kadà ni wọ́n fi ẹ̀rọ rún mọ́lẹ̀.

Àwọn kan ní orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́, àwọn kan sì ní ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Ní abúlé, kò sí iyàn jíjà níbẹ̀. Ibi tí mọ́tò kò lè dé, alùpùpù ló ń gbé aboyún tó ń rọbí dé ilé ìwòsàn, òun náà ló ń gbé kòkó jáde lóko. Ìyẹn gan-an ló fi yẹ kí ẹni tó ń gùn ún wà láàyè, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì pé. Bí ìjàǹbá bá ṣẹlẹ̀ lójú pópó, nọ́ńbà ìpè pàjáwìrì àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ni 122. Kí wọ́n má fipá wọ́ ẹni tó fara pa dìde, kí ọ̀rùn tàbí ẹ̀yìn rẹ̀ má bàa bàjẹ́ sí i.

Bí bàbá yóò ṣe pín owó náà

Kí bàbá tó ka owó kòkó lé ọmọ lọ́wọ́, kó kọ́kọ́ pín in sí ọ̀nà mẹ́rin: owó ẹ̀rọ, owó àṣíborí méjì, owó ìwé, àti owó tí ilé yóò fi jẹun fún oṣù méjì tí ọmọ yóò fi máa kọ́ ọ láìgbé èrò. Bí owó náà kò bá ká gbogbo rẹ̀, ẹ̀rọ ni kí wọ́n dín. Kí wọ́n ra 100 cc dípò 125 cc, tàbí kí wọ́n ra àlòkù tó dára dípò tuntun. Kí wọ́n má fọwọ́ kan owó orí.

Ohun tó sì yẹ kí ọmọ kọ́kọ́ gbé wọlé kí wọ́n tó bu omi sí alùpùpù, kí wọ́n tó ṣàdúrà, ni àṣíborí rẹ̀. Kó dé e, kó de okùn rẹ̀ lójú bàbá àti ìyá. Lẹ́yìn náà ni kí wọ́n tó ṣe àmín.